Ẹ̀yìn Tó Gbé Wa Lọ sí Muktinath

Jíìpù kan tún ti kọjá báyìí, ó da eruku sínú ìkòkò tíì mi, kò sì dúró. Wọn kì í dúró mọ́. Kí títì tó dé etí odò Gandaki wa yìí, kò sẹ́ni tó lè lọ sí Muktinath, tẹ́ńpìlì tó wà lórí òkè lọ́hùn-ún, láì gba ẹnu ọ̀nà mi, kò sì sẹ́ni tó lè gba ẹnu ọ̀nà mi láì jókòó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ẹni tó ti ń gun òkè láti àárọ̀, tó wá gbọ́ òórùn ẹ̀wà tó ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì, ṣé yóò ṣe agídí ni? Nísinsìnyí, wọn á jẹun ní ìsàlẹ̀, wọn á bì í sójú ọ̀nà, wọn á dé Muktinath, wọn á ya fọ́tò, wọn á padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní ìlọsíwájú nìyẹn. Kó máa síwájú lọ nígbà náà, èmi wà níbí.

Narbada lorúkọ mi, àmọ́ ta ló rántí? Dídì ni gbogbo èrò ọ̀nà ń pè mí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n obìnrin, títí kan arúgbó tó lè bí ìyá mi. Bí wọ́n ṣe ń pe màmá mi náà nìyẹn, nítorí àwọn ló ni ilé èrò yìí kí wọ́n tó kú. Òfin ilé wa kò yí padà láti ayé wọn: bí o bá ti jẹun níbí, o ò ní sanwó ibùsùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn onísìn láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ gúúsù á máa gbọ̀n nínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọn lámà, ìyẹn àlùfáà ẹlẹ́sìn Buddha, á máa ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn, àwọn tó ń da ìbaaka á máa purọ́ fún ara wọn, òyìnbó kan á bọ́ bàtà rẹ̀, gbogbo ilé á sì dìde láti lọ ṣí fèrèsé. Ààrò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn yí ká. Ẹni tó ń sin Vishnu wà níbẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ lé Buddha wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì pé ta ló ni Muktinath, torí gbogbo wa la ni ín. Kí n má purọ́, àárò wọn ń sọ mí. Ó ń sọ mí gan-an.

Àmọ́ bí wọ́n bá ní kí n mú ẹnì kan ṣoṣo padà nínú gbogbo èrò yẹn, Dhanrup ni màá mú. Ó ti di ará ọ̀run báyìí. Ọmọ ẹ̀yà Magar ni, láti ìsàlẹ̀ Myagdi. Kì í ṣe onísìn, kì í ṣe oníṣòwò. Aláàárù ni, èèyàn ló sì ń rù.

Apẹ̀rẹ̀ ọparun la fi ń rẹrù lọ́dọ̀ wa, dókò là ń pè é. Á wà lẹ́yìn, okùn rẹ̀ á gba iwájú orí, ọrùn la ó sì fi fà á. Ti Dhanrup yàtọ̀. Ó ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrò kí ẹsẹ̀ èèyàn lè yọ síta, ó sì tẹ́ kúbùsù sínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbé á fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn rẹ̀, á kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ó ní igi kúkúrú kan tó fi ń tilẹ̀, igi náà ló máa ń fi sábẹ́ ìdí apẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ mí díẹ̀, láìgbé ẹrù kalẹ̀. Arúgbó ló gbé, aláìsàn ló gbé, ìyàwó ọlọ́rọ̀ tí kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ilẹ̀ ló gbé. Ọjọ́ kan wà tí oníṣòwò kan láti Butwal jókòó sínú apẹ̀rẹ̀, ọparun ké, Dhanrup gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde. Ó bá yọ orí kúrò nínú okùn, ó ní:

"Ọ̀gá mi, ṣé ẹ̀yin nìkan ni, àbí ẹ gbé màlúù yín dání?"

Ilé èrò dàrú. Oníṣòwò náà alára rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Dhanrup sì padà gbé e dé Muktinath.

Ọmọdé ni mí nígbà tí mo wọ apẹ̀rẹ̀ yẹn. Mo já bọ́ láti orí òrùlé wa, níbi tí à ń sá ata sí, egungun ẹsẹ̀ mi kán. Màmá mi wé mi bí ẹrù, wọ́n gbé mi fún Dhanrup pé kó gbé mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọsibítù ní Pokhara. Mo sunkún láti ẹnu ọ̀nà wa. A kọjá afárá, mo ń sunkún. A kọjá ògiri òkúta tí wọ́n fín àdúrà sí lára, mo ṣì ń sunkún.

"Ọmọ yìí, kí ló tún dé? Ṣé ẹsẹ̀ náà ni?"

"Rárá. Ilé wa ni. Ó ń kéré. Òkè funfun náà ń kéré."

"Òkè wo?"

"Èyí tó wà lẹ́yìn wa! Ṣé ẹ ò rí i ni, Bọ̀dá?"

"Èmi? Orí mi wà nínú okùn. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara mi ni mò ń wò láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Sọ ọ́ fún mi, jọ̀ọ́. Báwo ló ṣe rí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo ní ó ní èjìká, mo ní ìkùukùu ń jáde lórí rẹ̀ bí èéfín ààrò, mo ní àwọn òkè dúdú kan dúró níwájú rẹ̀ bí ọmọ tó ń bẹ ìyá rẹ̀. Bí mo bá ti fẹ́ dákẹ́, á tún bi mí ní òmíràn. Ọgbọ́n ló dá, kí n má baà sunkún mọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti sọ mí ní Ẹlẹ́kún. Mo lọ́kọ, Ẹlẹ́kún ni. Mo dọlọ́mọ-ọmọ, Ẹlẹ́kún ni. Láti orí afárá lá ti máa pariwo:

"Ẹlẹ́kún! Ṣé ìrẹsì ti jinná?"

Ohun kan wà nípa rẹ̀ tó máa ń bí mi nínú. Ọkùnrin yìí dé ẹnu géètì Muktinath ju ọ̀pọ̀ àlùfáà lọ, síbẹ̀ kò ki orí bọ abẹ́ omi ibẹ̀ rí. Ẹ̀yin náà mọ omi yẹn, ó ń tú jáde láti ẹnu àwọn màlúù idẹ tó tò sára ògiri, ó tutù débi pé eyín á fẹ́ jábọ́, ẹni tó bá sì gba abẹ́ gbogbo rẹ̀ kọjá, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti lọ. Dhanrup á gbé èèyàn dé géètì, á gbé e kalẹ̀, á jókòó ti apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á mu tábà. Mo ní:

"Bọ̀dá, kí ló ṣe yín? Omi ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ẹ ti gun òkè náà tán. Ẹ wọlé!"

"Ẹlẹ́kún, owó ẹlòmíì ni mo fi dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ni tèmi, ìrìn àjò ni tirẹ̀. Bí mo bá tún lọ fi iṣẹ́ tí mo gbowó rẹ̀ wẹ ẹ̀ṣẹ̀ ara mi nù, kí lo máa pe ìyẹn? Aláàárù kì í wọlé pẹ̀lú owó ẹrù nínú àpò. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọjọ́ tí mo bá wá fún ara mi, ẹ̀yìn mi á ṣófo, èmi àti Sunkesari la ó jọ wá."

Sunkesari ni ìyàwó rẹ̀. Ó ga ju ọkọ rẹ̀ lọ, kì í sì í jẹ́ kó gbàgbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á bá a wá dé ọ̀dọ̀ mi láti ta àpò tó fi èèpo igi èsìsì hun. Á jókòó ti ààrò mi, á fẹsẹ̀ nà, á bẹ̀rẹ̀:

"Dídì, bá mi bi ọkùnrin yìí. Gbogbo ìyá ẹlòmíì láyé ló ti gbé lọ sí Muktinath. Èmi tí mo bímọ fún un, ìgbà wo ló máa kàn mí?"

"Wọ inú apẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, kí n gbé ọ. Ta ló dí ọ lọ́wọ́?"

"Kí ìwọ wá jókòó sẹ́nu géètì bí ajá ọlọ́jà torí pé o rẹrù? Mi ò lọ. A jọ ń wọlé ni, àbí kí a jókòó sílé."

Bí wọ́n ṣe ń ja ìjà yẹn lọ́dọọdún nìyẹn, ẹ̀rín la fi ń gbọ́ ọ. Ọdún kan ẹfọ̀n wọn kú. Ọdún kan òkè ya, ó gbé oko wọn lọ sínú odò. Ọdún kan wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ọmọbìnrin wọn. Ìgbà tí kò sí ìdí kankan mọ́ tí wọn ò fi ní lọ, ibà mú Sunkesari nígbà òjò, kò sì dìde. Etí odò ni Dhanrup ti dáná sun òkú rẹ̀, bí àṣà wa. Ó sọ fún mi pé níbẹ̀, níwájú iná, òun ṣèlérí fún un: òun á wọ géètì yẹn, òun á gba abẹ́ omi yẹn fún àwọn méjèèjì, òun á sì pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ nígbà tó ń sọ ọ́. Tèmi ni kò gbẹ.

Kò tíì lọ tí orúnkún rẹ̀ fi dá iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn orúnkún tó gbé ọlọ́rọ̀ àti olókùnrùn láti ọjọ́ yìí, wọ́n wú, wọ́n le, wọ́n kọ̀. Títì wá dé. Àwọn ìbaaka lọ, ohùn agogo ọrùn wọn lọ, n kò sì gbúròó Dhanrup mọ́. Mo ti gbà pé ó ti kú.

Ìgbà tí à ń já èso ápù lọ́dún kan, jíìpù kan dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Ẹnu yà mí. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó ti gbẹ bí ẹran tí a so kọ́ òkè ààrò, apẹ̀rẹ̀ tí a gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìkòkò idẹ kékeré kan wà nínú rẹ̀.

"Ẹlẹ́kún! Ṣé ìrẹsì ti jinná?"

Mo bú sẹ́kún lójú títì.

"Ẹ wò ó, ó tún ti bẹ̀rẹ̀. Dákẹ́, jọ̀ọ́. Ọkọ̀ yìí ti gbọ̀n mí bí ata nínú ìgò, ebi ló ń pa mí."

Ó jẹun. Ó ní títí dé ọ̀dọ̀ mi lòun gbà fún ọkọ̀, láti ibí lọ sókè, ẹsẹ̀ lòun máa fi lọ, torí ìlérí ni. Mo wo orúnkún náà, mo tún bu ìrẹsì sí àwo rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ń fún ewúrẹ́ lóúnjẹ, ó ti jáde lọ. Ibi ògiri òkúta àdúrà mìíràn, lápá òkè níbi tí abúlé wa parí sí, ni mo ti bá a, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn sinmi díẹ̀."

"Ta ni wọ́n?"

"Orúnkún mi."

Inú bí mi, àánú sì ṣe mí, ẹ mọ bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń jọ wá. Mo padà sílé, mo ti ilẹ̀kùn ilé èrò tí mi ò tì lọ́sàn-án rí, mo dúró sáàárín títì pẹ̀lú ṣíbí ìrẹsì lọ́wọ́ mi. Jíìpù dúró. Ó ní láti dúró. Nígbà tí a dé ibi ògiri, mo ti Dhanrup sínú rẹ̀, ó ń bú mi, mo ń bú u, títí a fi dé Ranipauwa.

Ọkọ̀ kì í kọjá Ranipauwa. Láti ibẹ̀ dé tẹ́ńpìlì, àtẹ̀gùn òkúta ló wà, afẹ́fẹ́ sì fúyẹ́ níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé èrò gòkè yí wa ká.

"Bàbá, ẹ gun alùpùpù!"

"Kí n lọ bá Ọlọ́run bí ẹni tó ń sá fún ọlọ́pàá?"

"Ẹṣin ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹṣin àti ìbaaka ló ti ń tì mí bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Ọ̀tá mi ni wọ́n. Ẹ kúrò lọ́nà."

Ó tilẹ̀, ó gun díẹ̀. Ó tún gun díẹ̀. Lẹ́yìn náà orúnkún ọ̀tún yẹ̀, ó sì jókòó sórí òkúta láìfẹ́. Ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde. Ó yọ ìkòkò idẹ náà, ó nà án sí mi, kò wo ojú mi.

"Ẹlẹ́kún, ibi tó mọ nìyí. Bá mi bu omi náà wá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, bíbu ni mo fẹ́ bù. Àmọ́ mo wo ojú rẹ̀. Bí mo bá bu omi yẹn wá, ilé ló máa gbé e lọ, yóò máa wò ó títí yóò fi kú, yóò sì mọ̀ pé òun ò wọlé.

"Sunkesari ò sọ pé kí ẹ bu omi wá. Ó ní ẹ jọ máa wọlé. Ẹ bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Mo mọ ohun tí mo sọ. Aláàárù kì í jókòó sínú dókò ara rẹ̀. Èèwọ̀ wọn ni. Ọjọ́ tó bá jókòó sínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán nìyẹn, kò ní gbé nǹkan kan mọ́.

"O fẹ́ kí n ti ọwọ́ ara mi pa iṣẹ́ mi?"

"Ìgbà wo lẹ gbé èèyàn gbẹ̀yìn?"

Ó tẹjú mọ́ okùn apẹ̀rẹ̀ náà.

"Iṣẹ́ ti tán, Bọ̀dá. Ó ti tán tipẹ́. Ìrìn àjò yín ló kù."

Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Àwọn onísìn ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Nígbà tó yá, ó na igi tó fi ń tilẹ̀ sí mi.

"Bí o bá gbé mi lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ lo ni ìrìn náà. Gba èyí. Owó ẹrù nìyẹn."

"Igi? Èmi tí mo sanra tó báyìí, igi lẹ fẹ́ fi háyà mi? Ẹ fi kúbùsù náà kún un."

"Olè! Bí ìyá rẹ náà ṣe máa ń ná ọjà nìyẹn. Mú kúbùsù. Ṣùgbọ́n tí o bá jẹ́ kí n já bọ́, màá gbà á padà."

Ó dìde díẹ̀, ó fọwọ́ kan etí apẹ̀rẹ̀, ó sì jókòó sínú rẹ̀. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà náà, àmọ́ omi ni mo fi ọrùn yìí gbé láti kékeré, igi ni mo fi gbé, okùn kì í ṣe àjèjì sí iwájú orí mi. Mo dìde. Kò wúwo. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù, pé kò wúwo.

Mo ń gun, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò. Àtẹ̀gùn, òkúta, ìgbẹ́ ẹṣin, àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn mi, ọparun ń ké. Mo fi igi ti ìdí apẹ̀rẹ̀, mo mí, mo tún lọ. Nígbà tó yá mo gbọ́ ohùn rẹ̀:

"Ẹlẹ́kún. Ó ń dìde."

"Kí ló ń dìde?"

"Òkè náà! Bí o ṣe ń gùn, bẹ́ẹ̀ ló ń dìde. Ó ń yọ láti ẹ̀yìn àwọn kéékèèké yẹn. Èjìká rẹ̀ ti yọ."

Kì í ṣe pé kò mọ òkè ńlá wa o. Bó bá gbé ẹrù kalẹ̀, á gbójú sókè wò ó, á tún ki orí bọ okùn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn máa lọ, kí òkè funfun náà máa dìde tẹ̀ lé e, ẹni tí wọ́n gbé nìkan ló ń rí ìyẹn. Gbogbo àwọn tó gbé ló ti rí i. Èmi náà rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tèmi ń kéré ni. Òun nìkan ni kò rí i, ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Mo gbọ́ tó ń fa imú.

"Ta ni ẹlẹ́kún báyìí?"

"Máa rìn, aláàárù. A kì í bá ẹrù ṣàwàdà."

Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó di ìkòkò rẹ̀ mú, ó dìde, ó na ọwọ́ sí mi pé ká lọ.

"Mo ti gbowó," ni mo wí. "Aláàárù kì í wọlé."

Ó wò mí títí. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú eyín díẹ̀ tó kù fún un, ó sì fi ọwọ́ ti ògiri, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ. Mo jókòó ti apẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí ẹnu géètì yẹn ṣe tutù tó. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, kò sẹ́ni tó kí mi. Wọ́n rí apẹ̀rẹ̀, wọ́n rí okùn, ojú wọn kọjá lórí mi bí ẹni pé òkúta ni mí. Mo ronú kan iye ìgbà tí Dhanrup ti jókòó síbẹ̀, inú sì bí mi sí gbogbo ayé, títí kan èmi alára.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú lọ́hùn-ún.

"Sunkesari o! Sunkesari! Mo ti wọlé o!"

Omi yẹn ń gé e lóhùn. Ó dé abẹ́ ẹnu omi kan, ó pè é. Ó dé abẹ́ òmíràn, ó tún pè é. Àwọn onísìn tó ń jáde ń wo ẹ̀yìn. Mo bo ojú mi pẹ̀lú kúbùsù tí mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu gbà, mo sunkún tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó jáde, ó tutù rinrin, ètè rẹ̀ dúdú, ìkòkò rẹ̀ kún. Mo wé kúbùsù mọ́ ọn lára.

"Ṣé o gbọ́ mi?"

"Tibet lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún gbọ́ yín."

Mo tọ́ka sí apẹ̀rẹ̀ pé kó bọ́ sí i ká máa sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní tí mo bá gbé òun lọ sísàlẹ̀, tẹ́ńpìlì ni òun máa kọjú sí, òkè lòun sì fẹ́ wò. Ó gbé dókò náà, ó fi ti ògiri géètì, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Òkè náà wà níwájú wa gbọnrangandan nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ó dúró lójijì.

"Sunkesari ní kí n gbé òun, kí n sì wọlé. Mo ní kó jókòó kí n gbé e, àmọ́ mi ò ní wọlé. Ìjà òmùgọ̀. Ká ní mo gbà, ì bá ti jókòó sẹ́yìn mi, ì bá ti rí èyí. Ẹlẹ́kún, kò rí i."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí èjìká mi. Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ.

"Ẹ sọ ọ́ fún un nígbà náà. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín. Báwo ló ṣe rí?"

Ó gbójú sókè. Lẹ́yìn náà ó pa ohùn rẹ̀ dà sí ohùn tó fi máa ń bá a jà lẹ́bàá ààrò mi.

"Ìwọ obìnrin gíga yìí, gbọ́. Ó ga jù ọ́ lọ. Ó ní èjìká. Ìkùukùu ń jáde lórí rẹ̀ bí èéfín…"

Ó ń sọ ọ́, ó ń tẹ ẹsẹ̀ kan, ó ń sọ ọ́. A sọ̀ dé Ranipauwa, awakọ̀ ń fọn fèrè pé òun ń lọ, Dhanrup ṣì ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ní kí awakọ̀ náà dúró, kó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.